Fọ́tò Àwọn Ojú Ewé Màmá Mi

Màmá mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìwé òun kò ní kúrò nínú ilé wa ní Ìlá. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, bàbá wa sì ti kú, ìwé ọ̀hún ló ń bá a gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló gé páálí, tó lu ihò sí i létí, tó fi okùn so ó pọ̀. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Á lẹ fọ́tò onítọ̀hún mọ́ ọn, á rán àgékù aṣọ tí wọ́n fi kó o jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á wá fi bíírò kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti àbígbẹ̀yìn wa obìnrin. Ibà ló pa á kó tó pé ọmọ ọdún méje. Fọ́tò kan ṣoṣo ló yà láyé, nínú yunifọ́ọ̀mù iléèwé, ó pa ẹnu dé bí ẹni tó ń fi tipátipá mú ẹ̀rín mọ́ra. Màmá fi sítáàṣì lẹ fọ́tò náà mọ́ páálí, ó sì fi ọ̀rá bò ó lójú. Èèyàn ò lè ṣí i kó má ya, a kò sì mọ ibi tí fíìmù rẹ̀ wọlé sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti wà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì pé. Bó bá jáde níbẹ̀, kò ní lè padà wọlé mọ́, nítorí náà kò fojú kan àbúrò rẹ̀ yìí rí, kò sì wálé nígbà tó kú. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ti ń bẹ̀ wá pé òun fẹ́ rí ojú ọmọ náà.

Nígbà ọyẹ́ kan, ọkùnrin ará Ọ̀tan Ayégbajú kan tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń gbé ìlú kan náà lọ́hùn-ún wá sin ìyá rẹ̀. Ó yà sọ́dọ̀ wa kí Màmá, ó ní bí a bá ní ohun tí a fẹ́ fi ránṣẹ́, òun yóò mú un lọ, Sátidé tó ń bọ̀ lòun sì ń padà.

Màmá nawọ́ sí mi. "Ìwé yìí kò ní lọ, ẹ má bínú. Ọmọ mi yóò ya àwọn ojú ewé rẹ̀ ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn lẹ ó bá wa mú lọ."

Èèyàn tó dúró gbọnrangandan níwájú ilé nìkan ni mo ti yà rí.

Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní iléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Òkè-Ìlá. Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì ní pálọ̀, mo dúró sápá ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, fíláàṣì sì ń kọ mànà. Lọ́jọ́ kejì mo gbé fíìmù lọ sí Òṣogbo, wọ́n fọ̀ ọ́.

Ó bàjẹ́. Gbogbo ojú ewé fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ lókè bíi yẹ̀rì. Ọyẹ́ ti ká páálí náà kò, gbogbo ìlà tó yẹ kó gún ló tẹ̀. Ti àbúrò mi ló burú jù. Iwájú orí rẹ̀ ti sún kì, àgbọ̀n rẹ̀ wú, iná fíláàṣì sì ti kọ lu ọ̀rá, ó pa ojú rẹ̀ kan rẹ́.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. "Ta nìyí?"

"Ọmọ yín ni, Màmá."

"Èyí kọ́ lọmọ mi." Ó da fọ́tò náà dojú bolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ kò rí i rí. Bá a bá ṣe fi hàn án ni yóò ṣe máa rí i lọ́kàn títí ayé."

Sátidé ń bọ̀. Mo tẹjú mọ́ àwọn fọ́tò tó bàjẹ́ náà títí mo fi rí i pé apá tó sún mọ́ mi ló tóbi jù. Ó yẹ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jìnnà sí kámẹ́rà bákan náà.

A tú okùn ìwé náà. A fi pákó méjì há àwọn ojú ewé láàárín, a kó àpótí aṣọ lé e, kí páálí lè tẹ́. Nígbà tí a gbé pákó kúrò lọ́jọ́ kejì, nǹkan dún pà. Sítáàṣì gbígbẹ ti là, igun fọ́tò àbúrò mi sì ti ṣí sókè.

"Yéè!" Màmá fọwọ́ bo ẹnu.

Mo tẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀. Kò ya dé ojú rẹ̀. Màmá ní kí n má tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Mo gbé pákó kan ti ògiri ẹ̀yìnkùlé níbi tí òòrùn kò dé, mo fi píìnì há etí ojú ewé àbúrò mi mọ́ ọn, mo sì to àpótí ìjókòó léra, mo gbé kámẹ́rà lé e. Mo so òwú ìránṣọ mọ́ kámẹ́rà, Màmá ń fà á lọ sí igun kọ̀ọ̀kan.

"Ó dé ibí."

"Ìsàlẹ̀ lápá òsì ńkọ́?"

"Kò dé. Sún un díẹ̀."

Báyìí la ṣe ń sún un títí òwú fi dé gbogbo igun dọ́gba. Nígbà tí mo yọjú wò ó nínú kámẹ́rà, búláòsì funfun tí mo wọ̀ hàn nínú ọ̀rá náà, ó dúró lé àbúrò mi lórí bí iwin. Mo sọ fún Màmá. Ó wọlé, ó gbé aṣọ dúdú tó fi ṣọ̀fọ̀ bàbá wa jáde, ó fi bò mí láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ọ̀rá náà sì mọ́. Mo tẹ kámẹ́rà, mo sì ya àwọn ojú ewé yòókù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gba àwọn fọ́tò náà ní Òṣogbo. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n ṣí àpò rẹ̀ wò. Mo gbé e mọ́ àyà nínú takisí títí dé Ìlá, Màmá ló ṣí i. Àwọ̀ aṣọ ìkómọ ti ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n etí ojú ewé gún. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́.

"Òun nìyí," ló sọ.

Láàárọ̀ Sátidé a bá ọkùnrin náà ní Ọ̀tan, ẹrù rẹ̀ ti wà nínú mọ́tò. Ó fi àwọn fọ́tò náà sínú Bíbélì rẹ̀, ó lọ. A kò gbúròó kankan fún ìgbà pípẹ́. Bí alùpùpù bá ti dúró níwájú ilé, Màmá á ti yọjú. Èmi náà ń rò ó bóyá Bíbélì ọ̀hún ti sọnù sínú bàálù.

Kásẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀gbọ́n mi fi dáhùn. A fi sínú rédíò, a jókòó. Ó kí Màmá, ó kí mi. A ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Màmá," ló wí nígbẹ̀yìn, "ojú mi ló gbé wá sáyé. Ẹ kò sọ fún mi." Ó wá ń sunkún. Ó ní kí Màmá sọ fún òun irú ọmọ tó jẹ́.

Láti ìgbà tí a ti sin ọmọ náà, Màmá kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú wa. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí n wá kásẹ́ẹ̀tì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ rédíò, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ tó bí i.