Àkíbù tó Dá Ọkọ̀ Dúró

Ní agboolé Akíngbọ́rọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú n'Ìbàdàn, orúkọ àwọn tó kú sógun ni wọ́n fi ń jí ọmọdé. Bí ọmọ bá pẹ́ lórí ẹní láàárọ̀, ìyá rẹ̀ á ní, "Dìde ńlẹ̀, ọmọ ẹni tó kú sí Kírìjì tí kò wẹ̀yìn." Ọmọ á sì dìde. Ogun ti parí, òyìnbó ti dé, ẹṣin ilé náà ti kú tán, àwọn obìnrin ti sọ ilé ẹṣin di ibi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ yẹn kò kúrò lẹ́nu.

Inú ilé yìí ni wọ́n bí Àkíbù sí. Màmúdù bàbá rẹ̀ ti ogun Kírìjì dé pẹ̀lú ọta nínú itan, láti ìgbà náà ló ti ń tiro. Kò fẹ́ràn àtimáa sọ ìtàn ogun. Gàfárù àbúrò Màmúdù, tó jẹ́ pé ọmọdé ni nígbà ogun náà, tí kò débẹ̀ rí, òun gan-an ló máa ń sọ ọ́ jù.

Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin bọ̀ wá sí Ìbàdàn, Àkíbù lọ bá wọn gba iṣẹ́. Igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin ló kọ́kọ́ ń rù. Ó kúrò níbẹ̀, ó di ẹni tó ń fi àkísà elépo nu ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tó ń kó èédú sínú iná. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ojú irin dé Ọ̀ṣogbo, wọ́n fa ẹ́ńjìnnì lé e lọ́wọ́ pé kó máa wà á.

Ìyàwó rẹ̀ Àtọ́kẹ́, ìyá Sìdí ọmọ rẹ̀, yọ̀. Ìyá rẹ̀ Sẹ̀gilọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nínú agboolé, "Eléèédú" ni wọ́n ń pè é, torí pé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ojú rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Gàfárù a máa sọ pé, "Ọmọ jagunjagun wá di ẹni tó ń ṣe ẹrú iná."

Lọ́jọ́ kan, Màmúdù pè é jókòó.

"Ẹṣin, èèyàn ló ń darí ẹ̀," ni bàbá náà wí. "Èyí tí ìwọ ń gùn yìí, wọ́n ti tẹ́ irin fún un. Kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì. Kí wá ni iṣẹ́ tìrẹ níbẹ̀?"

"Bàbá, iṣẹ́ tèmi ni kó dúró."

"Kó dúró báwo?"

"Àtimú un lọ kò le. Bó bá ti rí iná, tó rí omi, á lọ. Àtidá a dúró ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti yá, tí èrò kún ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ò lè fà á níjàánu lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ tó rí ibi tí ẹ máa dúró, ẹ gbọ́dọ̀ ti máa dúró."

Gàfárù bú sẹ́rìn-ín. "Nínú ilé yìí," ó ní, "àtilọ síwájú la mọ̀."

Màmúdù kò rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni Àkíbù ṣe ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò tó ń kó obì àti aṣọ lọ sókè mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì máa ń kùn sí i nígbà òjò. Bí òjò bá ti rọ̀, Àkíbù kì í sáré. Á máa yọ́ lọ, á máa na ọrùn síta wojú irin. Àwọn obìnrin á máa pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Dírẹ́bà, ṣé ìgbín lò ń wà ni?" Kì í dá wọn lóhùn. Ìgbà tó bá délé tí Àtọ́kẹ́ bi í pé ṣé èébú yẹn kì í dùn ún, ó máa ń ní, "Ẹni tó ń bú mi ti délé rẹ̀. Ìyẹn náà ni mo fẹ́."

Ọdún kan wá wà tí òjò rọ̀ bíi pé wọ́n ya ojú ọ̀run. Odò Ògùnpa kún, ó wọ ilé onílé. Nínú òjò náà ni Àkíbù gbé ọkọ̀ lọ sí Ọ̀ṣogbo, ọjọ́ kejì ló yẹ kó padà dé. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, kò dé. Àtọ́kẹ́ ní bóyá omi ló dá wọn dúró lọ́nà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ agboolé, ó ṣí fìlà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ mu ún dé orókùn. Hezekiah ni, ọmọ ìjọ kan ní Oníyanrìn, òun ló ń kó èédú fún Àkíbù. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmúdù, kò dìde.

"Bàbá," ó ní, "wọ́n ní kí n má wá, pé àwọn ọ̀gá ló máa ránṣẹ́. Mo ní rárá, èmi ni mo wà níbẹ̀."

"Dìde, kí o sọ ọ́," ni Màmúdù wí.

Hezekiah sọ ọ́. Ó ní àwọn ń bọ̀ ní ẹ̀yìn Lálúpọn, òjò ti dá, Àkíbù sì ń rọra wà á bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ibi afárá kékeré kan ló ti pariwo lójijì pé, "Omi ti kó ilẹ̀ lọ!" Irin nìkan ló kù, tó nà lórí omi bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó di bíréèkì mú, ó ń tú iyanrìn sójú irin kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà yọ̀. Ọkọ̀ náà ń lọ, ó ń dún, ó ń lọ. Ìgbà tí yóò fi dúró, ẹsẹ̀ iwájú ẹ́ńjìnnì ti wà lójú òfuurufú.

"Bí a bá sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, bàbá, gbogbo wa la bá bá omi lọ."

"Ẹ ṣáà dúró," ni Sẹ̀gilọlá wí. Ó ti jáde sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "O ní ẹ dúró."

"A dúró, màmá. Àmọ́ ilẹ̀ ń rọ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fa àwọn ọkọ̀ èrò dání. Ẹ̀gbọ́n ní kí n bẹ́ sílẹ̀, kí n lọ tú ìdè tó so wọ́n pọ̀. Ìdè náà le, kò ṣeé tú. Ẹ̀gbọ́n wá jókòó ti ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń fi agbára rẹ̀ tì í sẹ́yìn kí ìdè náà lè dẹ̀. Ó dẹ̀, mo tú u. Àwọn èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fi òkúta há ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mo yíjú padà, mo pariwo sí ẹ̀gbọ́n pé ó ti parí. Ilẹ̀ ya. Ẹ́ńjìnnì wọ omi. A wá ẹ̀gbọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò rí wọn."

Àtọ́kẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Igbe ta. Kí ó tó pẹ́, àwọn aládùúgbò ti kún ojúde, lèmọ́ọ̀mù náà dé, wọ́n ń wí pé ti Ọlọ́run ni wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí.

Gàfárù ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Omijé rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn, ó fẹ́ràn ọmọ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sunkún ló ń fi orúkọ Àkíbù kún orúkọ àwọn tó kú sógun. "Ó bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ!" ó ń wí. "Kò sá! Ikú akin ló kú! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é ní Eléèédú mọ́ nínú ilé yìí!"

Àwọn èèyàn ń mi orí. Màmúdù nìkan ló jókòó tó di ọ̀pá rẹ̀ mú, tí kò wo ẹnikẹ́ni.

Sẹ̀gilọlá kò sunkún. "Ẹ gbé òkú ọmọ mi wá kí n rí i," ó ní. "Èmi kò fẹ́ orin."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ báyìí nílé, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Lálúpọn, ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi aṣọ gbé apá òsì kọ́rùn. Ní Bẹyẹrúńkà, obìnrin kan tó mọ̀ ọ́n, tó ti gbọ́ ìròyìn, fi igbá ẹ̀kọ sílẹ̀ ó sá wọlé. Ní Ọjà'ba, ọ̀nà là fún un bí ìgbà tí ọba ń kọjá. Ó ń kí wọn, wọn ò jẹ́ ẹ. Kò mọ ohun tó dé.

Ó yọ sí ojúde wọn. Igbe ẹkún dákẹ́ wẹ́ẹ́. Lèmọ́ọ̀mù dìde dúró.

"Ẹ kúulé o," ni Àkíbù wí. Ó wo èrò yíká. "Ta ló kú?"

Hezekiah ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án lójú, ó fọwọ́ kàn án láyà, ó wá jókòó sórí erùpẹ̀ ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Sẹ̀gilọlá gba àárín èrò kọjá, ó gbá ọmọ rẹ̀ létí, ó tún gbá a mọ́ra. "Ìwọ ọmọ yìí! Ìwọ ọmọ yìí!" Ìgbà náà ni omijé rẹ̀ tó jáde. Àtọ́kẹ́ kàn ń wí láti ilẹ̀ pé, "Bàbá Sìdí, ṣé ẹ̀yin nù un? Ẹ tún sọ̀rọ̀ kí n gbọ́." Ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tí òun ń ṣe.

Wọ́n fún un lómi mu, ó mu ún tán, ó tún béèrè. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ tí Hezekiah pariwo pé ìdè ti tú, ni òun náà gbọ́ tí ilẹ̀ ń ya, òun sì bẹ́. Omi gbé òun. Òun kò mọ odò wẹ̀, igi kan ni òun rọ̀ mọ́ tó gbé òun jìnnà sísàlẹ̀. Àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ ló fa òun jáde, tí wọ́n dáná fún òun yá, tí wọ́n di apá òun.

"O bẹ́?" ni Gàfárù béèrè. Omijé ṣì wà lójú rẹ̀.

Àkíbù sorí kọ́. "Mo bẹ́, bàbá kékeré."

"O fi ọkọ̀ sílẹ̀?"

Hezekiah fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmúdù gbé ọwọ́ sókè. Ó ti dìde, ó ń tiro bọ̀, ó dúró níwájú ọmọ rẹ̀.

"Nígbà tí o bẹ́," ó ní, "àwọn èrò rẹ dà?"

"Wọ́n ti dúró lórí ilẹ̀, bàbá. A ti tú wọn."

"Ta ló kù nínú ẹ́ńjìnnì?"

"Èmi nìkan."

"Kí ló kù tí ọwọ́ rẹ lè ṣe níbẹ̀?"

Àkíbù ronú. Ó rò ó dáadáa, bí ẹni tó ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí láti Lálúpọn. "Kò sí, bàbá. Kò sí nǹkan kan."

"Ṣé ẹnikẹ́ni kú?"

"Rárá. Ewúrẹ́ kan ló já okùn wọ igbó."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò, ó tètè pa ẹnu dé. Màmúdù yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Gàfárù, àwọn tí à ń pe orúkọ wọn láàárọ̀ nílé yìí, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. Ìwọ kò sí níbẹ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tó kú kí àwa lè délé, n ò ní gbàgbé wọn láé. Àwọn kan sì wà tí ogun ti tán níwájú wọn, tí wọ́n lè yà sẹ́yìn, tí ojú ń tì wọ́n láti yà. Ikú wọn kò gba ẹnikẹ́ni là. À ń pariwo orúkọ wọn torí pé a kò ní nǹkan mìíràn tí a lè fún ìyá wọn." Ó mí kanlẹ̀. "Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ìjà lọ. Ọmọ yìí dúró títí iṣẹ́ rẹ̀ fi parí. Nígbà tó parí, ó wálé. Kí lo tún fẹ́ kó ṣe?"

Gàfárù súnmọ́ Àkíbù, ó rọra di apá rẹ̀ tó dá mú, ó ní, "Ọmọ mi, kú ewu." Ó dàbí ẹni tí ara tù. Ó sàn kéèyàn ní ọmọ láàyè ju kó ní ìtàn lọ, bí kò tilẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀ jáde.

Èrò tó wá bá wọn ṣọ̀fọ̀ kò lọ mọ́. Àwọn obìnrin gbé ìkòkò kaná. Lèmọ́ọ̀mù yí àdúrà padà sí ti ọpẹ́. Hezekiah ní òun fẹ́ lọ sọ fún ìyá òun, wọ́n ní àfi tó bá jẹun. Àkíbù sùn kí oúnjẹ tó jinná, níbi tó jókòó sí.

Apá náà pẹ́ kó tó san. Nígbà tó san, wọ́n fún un ní ẹ́ńjìnnì mìíràn, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àtọ́kẹ́ bẹ̀rù, kò fi pa mọ́, ṣùgbọ́n ó di oúnjẹ fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Màmúdù ní òun fẹ́ lọ kí àna òun ní Ìwó, pé ọkọ̀ ojú irin ni òun fẹ́ wọ̀. Kò wọ̀ ọ́ rí láyé rẹ̀. Wọ́n fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀, pé òun fẹ́ rí ibi tí afárá yẹn wà.

Nígbà tí wọ́n dé Ìwó, Àkíbù sọ̀ kalẹ̀ kó lọ ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bá a tó fi orí ti pákó, fìlà ti ṣubú sí orókùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

"Látìgbà tí a ti kúrò n'Ìbàdàn ni bàbá yìí ti sùn lọ," ni obìnrin tó jókòó tì í wí.

"Bàbá. Bàbá, a ti dé."

Màmúdù lajú. "Dé ibo?"

"Ìwó."

"Afárá yẹn ńkọ́?"

"A ti kọjá ẹ̀ tipẹ́."

Bàbá náà wo ìta, ó wo ọmọ rẹ̀, inú bí i díẹ̀. "Mo fẹ́ rí i ni," ó ní. "Oorun ló gbé mi lọ."

Àkíbù rẹ́rìn-ín títí Hezekiah fi yọ orí láti inú ẹ́ńjìnnì wò wọ́n. Màmúdù gbé fìlà rẹ̀ dé, ó tọ́ ọ. Ó ní kí ọmọ òun padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn èrò ń dúró.