Bàbá Ìfọ́n Ní Iyán Mi Kéré

Ìwé ni wọ́n fi bá mi jà lónìí o, èmi tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì kejì!

Àdùkẹ́ ọmọ mi ló kọ ìwé ẹ̀fẹ̀ nípa oúnjẹ ilé wa. Ó ní láyé ìjọba ológun, ọ̀rẹ́ bàbá òun tó ń wá láti Ìfọ́n kì í fi àjẹkù sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Bàbá Ìfọ́n bá gbé ìwé náà wá bá mi nílé wa ní Ìlobù. "Ìyá Àdùkẹ́, ṣé iyán tẹ́ ẹ máa ń gbé fún mi tó ohun tí èèyàn ń jẹ kù?"

Iyán tèmi!

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọwọ́ mi ló kéré."

Mo gún iyán tó ga bí òkìtì ọ̀gán, mo gbé e síwájú wọn, mo jókòó tì wọ́n.

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fìka nu àwo. "Ṣẹ́ ẹ rí i? Ó ṣì kéré."

Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí: kí Àdùkẹ́ pa ohun tó kọ rẹ́, àbí kó fi tòní kún un?