Ọjọ́ Tí Màmá Òṣogbo Kí Agbágọ́ọ̀fù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà ní Calumet City, ní Amẹ́ríkà níbí, mo ń dúró de ọkọ̀ mi. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri níbẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ẹ̀ bí ẹni pé ọmọ tuntun ń sùn nítòsí wọn. Mi ò tíì gbójú sókè tí mo ti mọ̀ pé gọ́ọ̀fù ni. Kò sí eré mìíràn tí àwọn tó ń ròyìn ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ àṣírí. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí wò mí tìyanu-tìyanu. Mi ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún un, àmọ́ ẹ̀yin ọmọ wa ráyè jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ní nǹkan bí ìdajì àwọn ọdún 1980, fúláàtì oníyàrá méjì là ń gbé ní Woodridge. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ọsibítù ni bàbá mi, tí à ń pè ní Dádì, ti ń ṣiṣẹ́, nínú lábù tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, àmọ́ ohùn wọn kì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá ń fóònù sí Nàìjíríà, ẹ ó rò pé wọn ò gbà pé wáyà lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀, pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fẹ́ fi jù ú sọdá òkun. Ìyá òyìnbó tó ń gbé lókè wa á wá máa fi igi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ ilé ẹ̀, gbì, gbì, gbì. Dádì á ní, "Ẹ má bínú, Ma!" Ìyẹn gan-an á tún gbọn fèrèsé.

Mi ò mọ bí ìfẹ́ gọ́ọ̀fù ṣe kó sí wọn lára. Mo ṣáà mọ̀ pé wọ́n rí igi gọ́ọ̀fù kan ṣoṣo níbi tí ẹnìkan kó ẹrù ẹ̀ síta sí, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń jí lọ sẹ́yìn ilé láràárọ̀ Sátidé. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń gbá ju bọ́ọ̀lù lọ. Mọ́mì á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á bi wọ́n bóyá iṣu ni wọ́n ń wà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìdíje ńlá kan, ti àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ jẹun, wá sí pápá kan tí kò jìnnà sí wa. Gbogbo àwọn tí Dádì máa ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n ló ń bọ̀. Dókítà kan níbi iṣẹ́ wọn bá wọn fi orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn. Nígbà tí lẹ́tà dé, iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún Dádì ni kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kan tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí, kí wọ́n máa gbé pátákó tí wọ́n kọ "Ẹ dákẹ́" sí sókè nígbàkigbà tí ẹnìkan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́?"

Ẹnìkan tí kò rẹ́rìn-ín ni Màmá Òṣogbo, ìyá tó bí Mọ́mì. Mọ́mì bí ìbejì nígbà òtútù ọdún náà, Màmá sì wá bá wa tọ́jú àwọn ọmọ. Aláró ni wọ́n. Aró ti wọ abẹ́ èékánná wọn débi pé kò sí ọṣẹ tó ràn án. Wọ́n máa ń ṣàwàdà pẹ̀lú mi, wọ́n máa ń kọrin fún àwọn ìbejì, àmọ́ àárín àwọn àti Dádì dà bí aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìn ilé nígbà òtútù, tí omi ara ẹ̀ ti di yìnyín. Ó mọ́ o, ṣùgbọ́n gbagidi ni. Láràárọ̀, Dádì á dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Màmá á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbejì." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Mo mọ ohun tó fà á, nítorí kò sí ohun tí ọmọ kì í gbọ́ nínú fúláàtì oníyàrá méjì. Nígbà tí Dádì wá tọrọ Mọ́mì, wọ́n ṣèlérí pé ọdún márùn-ún péré làwọn máa lò ní Amẹ́ríkà, pé báwọn bá ti kàwé tán, àwọn á mú Mọ́mì padà wálé. Ọdún kejìlá la wà yìí. Màmá ò sọ ọ́ síta rí. Àdúrà ni wọ́n máa ń fi ṣe lójú gbogbo wa, pé kí Ọlọ́run kó wa padà wálé, Dádì á sì ṣe àmín pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan tí mi ò mọ̀ pé wọ́n ní.

Nígbà tó di Sátidé ìdíje náà, Mọ́mì ní kí èmi àti Màmá bá Dádì lọ. "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé, Màmá, ilé àti ibi ìfọṣọ nìkan lẹ mọ̀. Ẹ lọ gba afẹ́fẹ́ sára."

Màmá wọ àdìrẹ tí àwọn fúnra wọn pa láró, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì wọ bàtà kánfáàsì funfun tí wọ́n yá lọ́wọ́ Mọ́mì. Bá a ṣe dé pápá, wọ́n dúró, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n mirí. "Gbogbo koríko yìí, kò sì sí ewúrẹ́ kan!"

Àwọn òyìnbó ń yà fún wa títí a fi dé iwájú, níbi ihò tí Dádì ń ṣọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá wọn mọ̀. Wọ́n dé fìlà funfun, wọ́n na ọrùn, wọ́n gbá pátákó náà mú bí ẹni gbé ọ̀pá àṣẹ, ẹnu wọn sì pa dé pinpin. Àwọn nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín gbogbo àwọn tó dé irú fìlà náà. Mo rí i pé inú wọn ń dùn, nítorí ìka ẹsẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò nínú bàtà.

Màmá rọra bi mí létí. "Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbí?"

"Eré ni, Màmá."

"Eré? Pẹ̀lú ojú tó le báyìí?"

Ẹ̀yin lè má mọ̀ pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilẹ̀ wa ló ní kíkí tirẹ̀. Ẹni tó bá bá aláró nídìí ìkòkò á ní, "Àrẹdú o." Ẹni tó bá bá onídìrí á ní, "Ojú gbooro o." Kéèyàn kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i, lójú Màmá, kò yàtọ̀ sí kéèyàn tutọ́ sí i lára. Mo wá rí i pé ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé wọn ò tíì mọ irú kíkí tó tọ́ sí àwọn wọ̀nyí.

Ọkùnrin gíga kan bọ́ síwájú, tẹ́ẹ́rẹ́, tí oòrùn ti sọ ọrùn ẹ̀ di pupa. Àwọn èèyàn ń sọ pé bí bọ́ọ̀lù yẹn bá wọlé, òun ló máa ṣíwájú gbogbo wọn. Ó lóṣòó, ó di ojú kan, ó wo ihò náà lọ títí. Dádì gbé pátákó sókè. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọkùnrin náà dìde, ó fi igi ẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù.

Màmá mirí bí ẹni tó ti rí ìdáhùn. "Ọdẹ ni," wọ́n wí. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì pariwo: "Àrẹ̀pa o! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọkùnrin náà ta gìrì. Gbogbo orí yí sí wa. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé sáré dé, ojú ẹ̀ le koko. "Ta ni obìnrin yìí? Ta ló mú un wá síbí?"

Mo wo Dádì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a jọ wá. Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè wo ibòmíràn. Wọ́n wo pátákó ọwọ́ wọn, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ lórí koríko, wọ́n sì wá dúró ti Màmá.

"Ìyá mi ni," ni wọ́n wí. Ohùn wọn gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́, ohùn fóònù Nàìjíríà. Wọn ò pe Màmá ní ìyá ìyàwó. Wọn ò pè wọ́n ní àlejò. Mo rò pé àwọn tó wà ní ihò kejì gbọ́.

Ọkùnrin gíga náà sún mọ́ wa. Ó béèrè ohun tí ìyá náà sọ. Dádì ní, "Bí wọ́n ṣe ń kí ọdẹ nìyẹn nílùú wa. Wọ́n ní kẹ́ ẹ rí ẹran pa. Wọ́n tún ní ẹ kú iṣẹ́."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò kí mi kú iṣẹ́," ló wí. "Kí lèèyàn máa ń dáhùn?"

Dádì túmọ̀ ẹ̀ fún Màmá. Màmá ní, "Kó kàn ṣe 'O o.' Ó ti tó."

"O o," ni òyìnbó wí, gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó padà lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà yí ẹnu ihò ká, ó rò ó, ó sì gba ibòmíràn lọ. "Háà, ẹran ti sá lọ," ni Màmá wí, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀gá aláṣọ ewé ò rẹ́rìn-ín o. Ó mú pátákó náà nílẹ̀, ó sì ní kí Dádì lọ máa darí ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ibẹ̀ la wà títí eré fi parí. Kí n má parọ́, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó Dádì. Wọ́n á kàn dúró lójú kan, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ pupa, ẹ rọra bọ̀!" ọkọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun á sì gbọ́.

Nígbà tá à ń padà lọ sílé, Màmá jókòó síwájú ọkọ̀, wọ́n ká ọwọ́ aláró wọn lé ẹsẹ̀.

"Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín nítorí mi."

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Ẹ ní ìyá yín ni mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

A lọ díẹ̀. Màmá wá béèrè ohun tí wọn ò béèrè láti ọdún méje. "Ìgbà wo lẹ máa kó wọn wálé?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Nígbà tí mo ṣèlérí yẹn, mo rò pé òótọ́ ni mò ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Mo di ojú méjèèjì lẹ́yìn ọkọ̀, mò ń retí ẹkún.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Òótọ́ ọ̀hún ni mo ń wá." Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n tún ní, "Ẹ wá ṣàlàyé ihò yẹn fún mi. Kí ló dé tó fi kéré tó bẹ́ẹ̀?"

Dádì ṣàlàyé títí a fi délé. Ní gbogbo oṣù tó kù tí Màmá lò, bí gọ́ọ̀fù bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn méjèèjì á jókòó, ìbejì kan lẹ́sẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jọ máa bá àwọn ọdẹ yẹn dárò ẹran tó sá lọ. Ìyá òyìnbó òkè wa ò rí ìsinmi mọ́.

Màmá ti lọ sílé, wọ́n sì ti kú ní Òṣogbo. A ò padà lọ gbé níbẹ̀. Àwọn ìbejì ti di bàbá onírùngbọ̀n, èdè Yorùbá sì ń yọ̀ lẹ́nu wọn bí ọṣẹ. Wọn ò mọ àrẹdú, wọn ò mọ àrẹ̀pa. Síbẹ̀, wọn kì í kọjá lára ẹni tó ń gbálẹ̀ tàbí ẹni tó ń tún ọ̀nà ṣe láìkí i, àwọn ọmọ wọn náà kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti jogún ẹ̀.

Dádì ti dàgbà gan-an báyìí, ohùn wọn ti rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ti ibi táyà dé, mo lọ kí wọn, mo sì bi wọ́n pé ta ló gba ife ìdíje náà lọ́jọ́sí. Ó yà mí lẹ́nu pé ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mi ò béèrè rí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀."