Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi àti Sùtánà Rẹ̀

“Uncle, ẹ wa mọ́tò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa.” Ohun tí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ nìyẹn lọ́jọ́ Sunday. A kì í wọ bàtà sí sùtánà, aṣọ funfun ìjọ wa, kò sì fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí òun láìwọ bàtà. Kò sọ́kùnrin tó mọ mọ́tò wà tó mi ní Peckham, ní London níbí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa fi ìjọ wa sílẹ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ lọ lo ìsinmi ní Zimbabwe, ó pè mí lórí fídíò. Àwọn aláṣọ funfun ń jó lábẹ́ igi láìwọ bàtà, òun náà ń jó láàárín wọn.

“Uncle, bíi tiwa gẹ́lẹ́! Tí mo bá dé, ẹsẹ̀ la máa fi rìn lọ ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Nínú omi ẹja tó máa ń ṣàn ní ọjà Rye Lane?”

“A máa fọ ẹsẹ̀ ni, Uncle!”

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́.