Kẹ̀kẹ́ Tí Ìyá Tiwa Gbé Wọ Ilé Ìdáná

Ẹ má bi mí bí kẹ̀kẹ́ ṣe dé ilé ìdáná wa. Èmi Adégbọlá, bọ́ọ̀sì ni mo ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá délé, oúnjẹ ni mo ń wá, mi ò wá ohun onítáyà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi, Wúrà, tó ń dáná fáwọn ọmọ ilé ìwé kan, rí i níwájú ilé Jannah, aládùúgbò wa ní Becontree, ní London níbí. Jannah ti gbé e síta fáwọn akólẹ̀. Irú kẹ̀kẹ́ tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè ni, táyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì ti dógùn-ún látòkè délẹ̀. Wúrà tọrọ rẹ̀, ó tì í wọlé bí ẹni mú ìyàwó bọ̀.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ tún un ṣe kí òun àti Tiwa lè jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ Eastbrookend lọ́jọ́ Sátidé tí ọmọ bá wálé. Ẹ̀rín tí mo fẹ́ rín kú sí mi lẹ́nu.

Tiwaladé ni ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, ìlú Leeds ló ń gbé. Aládùúrà ni wá, kò sì sí ohun tó wọlé wa tí Wúrà kì í ta òróró àdúrà sí: ilẹ̀kùn, fíríìjì, kódà ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń wa bọ́ọ̀sì. Tiwa ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá, ó sùn lọ lórí àga, ìyá rẹ̀ rọra ta òróró sí i lórí. Ọmọ jí, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ kí oúnjẹ tó jinná. Látìgbà náà, fóònù nìkan la fi ń gbóhùn rẹ̀. Leeds lọ́hùn-ún ló ti wá fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ gígùn. Ó ń bọ̀ báyìí, á sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání nínú rélùwéè.

Wúrà sọ fún mi pé, "Bàbá Tiwa, mo kàn ń wá nǹkan kan tí èmi àti ọmọ mi lè jọ ṣe tí kò ní dìjà. Mo ti ṣèlérí fún un, mi ò ní fi òróró kan orí rẹ̀ mọ́."

Mo gbé àga mi kúrò lọ́nà fún kẹ̀kẹ́.

Wúrà mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń gùn, á ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin àárín nítorí pé kò ga tó ìjókòó. Ṣùgbọ́n gígùn yàtọ̀ sí títúnṣe. Fídíò orí fóònù ló fi ṣe ọ̀gá. Òyìnbó kan á máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà níbẹ̀, Wúrà á fi ìka gíríìsì tẹ̀ ẹ́ dúró, á ní kó rọra, ta ló ń lé e. Ó fi ṣíbí ọbẹ̀ yọ táyà, ó tún fi ṣíbí náà tì í padà, ṣíbí dá túùbù lu. Ó lẹ túùbù, ó tún dá a lu. Ìgbà yẹn ló tó gbà pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ti táyà padà. Èmi ní tèmi, mo ṣí ike áásìkiriìmù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, mo rò pé ọbẹ̀ ni. Àṣé ṣéènì kẹ̀kẹ́ ló rẹ sínú fínígà kí ògùn-ún ara rẹ̀ lè ṣí. Mo figbe ta. Ó ní kí n yéé pariwo, ṣé mo fẹ́ kí ọmọ wálé ni àbí mi ò fẹ́.

Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, ṣùgbọ́n èmi náà ti ń sáré wálé wá wò ó. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha gbogbo sípóòkù, ó pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì, ó kun irin rẹ̀ láwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tí táyà ẹ̀yìn kọ́kọ́ yí geere láìhá, ó jó yí tábìlì ká. Èmi náà bá a jó.

Sátidé pé, Tiwa dé. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó wọlé lọ gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ọmọ yí i ká, ó ń wò ó, ó ń bi mí bóyá ìyá òun ló ṣe é lóòótọ́. Wúrà ò dúró gbọ́ èsì. Ó ti gorí rẹ̀, ó gùn ún dé ìparí àdúgbò, ó yí padà tìdùnnú-tìdùnnú. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa, ó tẹ bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ ò dúró. Ó tún un tẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kọjá lára wa bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, ó kó wọnú igi tí Jannah fi ṣọgbà. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi nìkan là ń rí.

A fà á jáde. Kò ṣèṣe, ewé ló kàn kún irun rẹ̀. Tiwa bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa irin táyà níbi tí bíréèkì ti ń dì í mú, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Òróró ólífì ni. Ó wà lára táyà iwájú, ó wà lára tẹ̀yìn, gbogbo kẹ̀kẹ́ ń dán. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, báàgì Tiwa ni mo ti ń wò lẹ́nu ọ̀nà.

Tiwa ní, "Mummy, òróró àdúrà lẹ fi sí i."

Wúrà ń yọ ewé létí. "Orí rẹ ni mo ní mi ò ní kàn. Mi ò sọ ti kẹ̀kẹ́."

Tiwa wo ewé tó ṣì há sí irun ìyá rẹ̀. Ni ẹ̀rín bá bú mọ́ ọn lẹ́nu, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Jannah tó jáde wá wo ọgbà rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, kò tiẹ̀ mọ ìdí. Tiwa bu omi gbígbóná sí ọṣẹ ìfọwo, òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọ irin táyà, wọ́n fi sáńdípépà ha rọ́bà bíréèkì. Ó ṣàlàyé pé ṣéènì ló ń fẹ́ òróró, ṣùgbọ́n kì í ṣe òróró ólífì, torí ó máa ń dì mọ́ ọn, á kó yanrìn. Ti bíréèkì, kò fẹ́ irú òróró kankan. Wúrà ń mi orí bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó tún tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi.

Wọ́n ti fẹ́ máa lọ kí Tiwa tó ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá síwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ fi díẹ̀ sí tèmi náà," ó ní. "Ibi ọwọ́ nìkan o, Mummy. Ẹ má jẹ́ kó kan bíréèkì."

Wúrà kọ́kọ́ wo ojú mi. Ó yọ ìgò kékeré nínú báàgì rẹ̀, ó ta ẹ̀kán kan sí ibi ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó fi ìka pa á. Kò gba àdúrà gígùn. Ó kàn ní, "À á lọ ire, à á bọ̀ ire." Tiwa ṣe àmín.

Wọ́n jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ. Èmi mú àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé igi láti bá Jannah tún ọgbà rẹ̀ ṣe, inú mi sì dùn débi pé mo gé igi náà títí ó fi kù díẹ̀ kó tán.