Aṣọ Wòlímọ̀ Àbúrò Mi Tó Bá Sàráà Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín.

Èmi àti Bàsírá, àbúrò mi, la jọ ń sùn nínú yàrá kan nílé wa ní Ìkòròdú. Màámi ní péńtà ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, kí n palẹ̀ yàrá náà mọ́.

Ta ni ì bá tún ṣe é? Bàsírá ti lọ síbi iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló ń wá gbé e ní ibùdókọ̀ Benson! Èmi tí mo fi ọdún méjì jù ú lọ, tí mo ti sin ìjọba tán, ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ràn àbúrò mi o. Ṣùgbọ́n tó bá ń jáde láàárọ̀, Màámi á ní, "Òṣìṣẹ́ mi, á yẹ ọ́ o!" Wọ́n á wá yíjú sí mi: "Ìwọ, ṣé o ti fọ abọ́?" Ohun tó máa ń gbóná nínú mi nígbà yẹn, owú ni. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Àǹtí Rìsí, àbúrò Màámi, ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ohun tí a ò lò mọ́ tó ṣì dára, àwọn ni wọ́n máa ń kó o lọ ṣe sàráà fún àwọn ọmọ ilé kéú. Mo gbé àpò kalẹ̀, mo ní n ó gbájú mọ́ iṣẹ́.

Ìgbájúmọ́ wo! Mo mú handout ọdún kìíní mi ní yunifásítì, mo ní ó ṣì lè wúlò, mo dá a padà. Mo mú bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ, mo dá a padà. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ ti Bàsírá, ọwọ́ mi yá! Gáùn rẹ̀, ó di inú àpò. Báàgì rẹ̀, ó di inú àpò.

Ìsàlẹ̀ àpótí ni mo ti bá léèsì funfun tó fi ṣe wòlímọ̀ lọ́jọ́ tó parí Kùránì. Bàbá wa ló rà á fún un kí wọ́n tó kú. A jọ bẹ̀rẹ̀ kéú ni, òun ló ṣáájú mi parí. Lọ́jọ́ náà, èmi ẹ̀gbọ́n ni mò ń pín omi fún àlejò! Mo wo aṣọ náà títí. Mo ká a, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpò. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Àǹtí Rìsí gbé àpò, wọ́n ṣàdúrà pé Ọlọ́run á fún mi níṣẹ́. Mo ṣe àmín.

Lẹ́yìn tí péńtà lọ tán ni Bàsírá bẹ̀rẹ̀ sí í wá léèsì rẹ̀. Màámi pe Ẹ̀pẹ́. Àǹtí ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀ ni àwọn gbé e fún, télọ̀ sì ti gé e mọ́ ọn lára. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé sàráà kì í padà."

Bàsírá sunkún. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi ni mi ò sọ fún yín pé kí ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹ kúkú ṣe wàhálà."

Èmi ni Bàsírá ń bẹ̀! Mo la ẹnu, "Kò burú" ló jáde. Ẹ gbọ́ mi, kò burú!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá ń tún ilé ṣe, ẹrù ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dojú kọ. Àwọn handout mi ṣì wà níbẹ̀, kò dín ẹyọ kan.

Sọ́ńdè yìí ni wòlímọ̀ ọmọ náà. Bàsírá ní òun máa lọ, òun fẹ́ rí aṣọ náà lára rẹ̀, ó sì ní ká jọ lọ. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un ká tó wọkọ̀ ni, àbí ká dé Ẹ̀pẹ́ ná? Ẹ̀yin tí owú ti mú ṣe irú èyí rí, báwo lẹ ṣe là á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sọ́ńdè tó pé.