Ẹranko Tí Yóò Jẹ́ Orúkọ Bàbá Mi

Ọmọbìnrin márùn-ún ni bàbá mi bí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹranko. Èmi ni ẹnì kẹta nínú wa. Tíṣà ni bàbá mi ní Èrúwà, ilé-ìwé ìjọ ló ti ń kọ́ni. Ó kàwé ju gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé tiwa, ìwé kì í ṣe ọmọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, kì í mu omi tán nílé wa kó má béèrè pé ta ni yóò jẹ́ orúkọ bàbá mi lẹ́yìn ọ̀la. Ojú wa ni yóò ti béèrè rẹ̀. Àwa la gbé omi náà fún un, àwa la gbá ilẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ lé, òun yóò sì máa wo yíká ilé bí ẹni tí kò rí ẹnì kankan.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló ní: kí bàbá mi fẹ́ ìyàwó sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kó má dán an wò. Èmi tí mo máa ń jókòó ti ìyá mi nídìí ọlọ mọ̀ pé kì í ṣe ata nìkan ló ń mú ojú rẹ̀ ṣomi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí rédíò fi bá wa dá sí i. Òmìnira kò tíì pẹ́ nígbà náà, àwọn tó ní rédíò ládùúgbò wa kò sì pọ̀. Wọ́n ní òyìnbó kan rí eku kan nínú igbó kan lókè òkun, eku tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sínú ìwé rí, wọ́n sì ti fi orúkọ òyìnbó náà sọ eku náà. Bàbá mi pa rédíò. Ó pe ìyá mi, ó ṣàlàyé fún un pé òun ti rí ọ̀nà. Ẹni tí ẹranko bá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, orúkọ onítọ̀hún kò lè parẹ́, torí pé ẹranko kì í yéé bímọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kò ní bínú, Bàbá Àgbà kò sì ní rí nǹkan sọ. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé pàdé láti ìgbà náà, n kò tíì gbọ́ èrò tó gún régé tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi kì í ṣe ọdẹ. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń wá ẹranko, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, bí ilé-ìwé bá ti jáde. Ìyá mi gan-an ló yà wá lẹ́nu. Obìnrin tó máa ń sá jáde bí ọmọńlé bá já bọ́ láti òkè àjà wá di ẹni tó ń fi agolo mílíìkì kó kòkòrò jọ. Ohunkóhun tó bá rìn ní ilé ìdáná, yóò fi abọ́ dé e mọ́lẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ yóò fi dé. Iyọ̀ ló ń tà, kò sì pẹ́ tí àwọn ará oko tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fi mọ̀ pé ẹni tó bá mú ẹranko àràmàǹdà wá yóò gba èènì tó pọ̀. Ọ̀kan mú ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò ní ìrù wá. Inú wa dùn títí di ìrọ̀lẹ́, kí bàbá mi tó fi ojú ọgbẹ́ hàn wá níbi tí ajá ti gé e jẹ.

Èmi ni mo rí àkèré kan tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Ìgbà òjò ni, mo lọ pọnmi nínú kòtò orí àpáta lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí epo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú, kì í sì í fò. Ńṣe ló ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ sí ìpàdé. Mo fi ọwọ́ lásán gbé e, ọwọ́ náà sì ta mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fi í han bàbá mi nígbà tó dé. Ó wọ kóòtù rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ó fi àkèré sínú ìgò pẹ̀lú ewé tútù, ó sì mú mi dání kí n lè sọ ibi tí mo ti rí i. A wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ òyìnbó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹranko.

Òyìnbó náà gbé awò sójú, ó wò ó pẹ́. Ó béèrè ẹni tó rí i. Bàbá mi kò mọ irọ́ pa, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn títí dòní. Ó ní ọmọ òun obìnrin yìí ni. Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní bó bá jẹ́ ẹranko tuntun ni, a jẹ́ pé orúkọ tèmi ni yóò máa jẹ́.  Bàbá mi fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Ẹ dákun, sà, bí ọmọ yìí bá lọ sílé ọkọ, ṣé orúkọ ọkọ rẹ̀ ni àkèré náà yóò wá máa jẹ́ ni?”

Òyìnbó rò pé àwàdà ni, ó sì rẹ́rìn-ín gan-an. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ń wo ojú bàbá mi, mo sì rí i pé ìdáhùn ló ń dúró dè.

Kò rí ìdáhùn gbà. Òyìnbó ṣí ìwé ńlá kan, àkèré wa sì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Wọ́n ti rí i ní etí òkun Gáná kí wọ́n tó bí Bàbá Àgbà pàápàá. Bàbá mi béèrè bóyá ìyàtọ̀ díẹ̀ kò sí. Òyìnbó ní kò sí.

Ìyá mi ti pa adìẹ dè wá. Bàbá mi sọ ohun tí òyìnbó wí fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi bu oúnjẹ fún wa, ó sì lọ da gbogbo ohun tó wà nínú àwọn agolo rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí ọyẹ́ tó tán, ìyàwó ti wọlé. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló lọ tọrọ rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ó ní bí òun yóò bá bá ẹnìkan pín ilé, kí ojú òun yan ẹni náà. Gbogbo ará àdúgbò yìn ín. Inú bí mi sí gbogbo wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì yọ bàbá mi kúrò nídìí tábìlì Olúwa, ó sì di ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ìyàwó náà kò ṣe wá ní ibi kan. Ará Igbó-Ọrà sì ni lóòótọ́: ìbejì ló bí. Obìnrin ni àwọn méjèèjì.

Bàbá Àgbà wá kí wa. Ó mu omi tán, ó nu ẹnu, ó ní òun mọ ìdílé kan ní Ayétẹ̀ tí wọ́n kì í bí obìnrin. Bàbá mi gbé ìbejì kan lé apá kan, ó gbé èkejì lé apá kejì. Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun. Ọmọ méje ni mo ní. Wọ́n tó mi, ilé mi kún. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé mi mọ́.” Àgbàlagbà náà mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Mo sáré lọ sí ilé ìdáná láti ròyìn fún ìyá mi. Mo rò pé yóò jó ni. Ó ti gbọ́. Iṣu ló ń bẹ, ó sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ tó dáa ni,” ó ní. “Èṣí ni ì bá ti sọ ọ́.”